Ọtí tí Màmá Àgbà ń sè

Tí mo bá sọ fún àwọn ènìyàn ní Ìbàdàn pé owó ògógóró ni wọ́n fi rán mi lọ sí iléèwé, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wò mí tìfura-tìfura. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ tilẹ̀ bi mí léèrè pé, "Ṣé bàbá yín ló ń mu ún ni?" Mo ní rárá o, mà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń sè é.

Màmá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Abúlé wọn kò jìnnà sí Òkìtìpupa, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń tán lọ tí àbàtà sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọtí ni wọ́n fi kọ́lé, ọtí ni wọ́n fi sìnkú ọkọ wọn, ọtí ni wọ́n fi tọ́ ọmọ tiwọn, tí wọ́n sì tún fi gbọ́ bùkátà tèmi títí mo fi di òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Àwọn fúnra wọn kì í mu ún. Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Wọ́n á fi orí ahọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á ní, "Èyí ti dára, ẹ gbé ìgò mìíràn sábẹ́ rẹ̀." Mi ò rí ẹni tó mọ adùn ọtí tó obìnrin tí kì í gbé ọtí mì yìí.

Ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń sè é lọ́dọ̀ wa. Ẹmu orí ọ̀pẹ náà ṣeé sè, àmọ́ igi ògùrọ̀ ló fẹ́ràn àbàtà, àbàtà ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Igi yìí ń dun mí díẹ̀ tí mo bá ronú kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, tó bá ti yọ ọ́ tó so èso tán, ó kú nìyẹn. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yọ òdòdó náà ni adẹ́mu á gun orí rẹ̀, á dá ihò síbẹ̀, á so kèrègbè tàbí kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn. Omi tí igi ì bá fi so èso ni á máa kán sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni adẹ́mu ń padà lọ gbẹ́ ojú ibẹ̀ kó má baà dí. Nígbà tí omi bá dá, igi náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ògùrọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi bọ̀, ó dùn bí omi ìrèké. Ìwúkàrà ti wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára kẹ́ẹ̀gì, ẹnikẹ́ni kì í bù ú sí i, ó sì ti ń hó kí wọ́n tó gbé e délé. Ẹni tó fẹ́ mu ún á mu ún lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ sè é á dà á sínú àgbá, á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, kí gbogbo adùn tó wà nínú rẹ̀ di ọtí. Òórùn rẹ̀ nígbà yẹn burú. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, gbogbo àyíká ibẹ̀ ló máa ń rùn, eṣinṣin á sì gba ibẹ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ni iná. Àgbá irin ńlá ni wọ́n ń gbé ka orí ààrò, wọ́n á da ẹmu kíkan sí i, wọn kì í jẹ́ kó kún dẹ́nu torí pé ó máa hó. Páìpù ló ti ẹnu àgbá náà jáde. Wọ́n á fi amọ̀ àti àkísà dí gbogbo ibi tí ooru lè gbà sá lọ. Páìpù yẹn á wá gba inú omi tútù kọjá. Ti Màmá Àgbà, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó ti jò tí kò ṣeé wà mọ́ ni wọ́n dí ihò rẹ̀ tí wọ́n sì pọn omi kún, inú rẹ̀ ni páìpù ń gbà. Ooru tó bá wọ inú páìpù náà á bá òtútù pàdé, á di omi, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò tó wà ní ìpẹ̀kun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pààrọ̀ omi inú ọkọ̀ náà. Tí omi yẹn bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru ò ní di ọtí mọ́, afẹ́fẹ́ ni á gbé e lọ, igbe Màmá Àgbà ni n ó sì gbọ́ láti inú èéfín: "Ìwọ ọmọ yìí, owó ìwé rẹ lò ń jẹ́ kó fò lọ yẹn o!"

Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti wá mọ ìdí rẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ọtí fúnra rẹ̀ ń hó, omi sì ń dúró di 100. Ẹni tó bá ń da igi sínú iná láìronú, omi ni á máa sè jáde pẹ̀lú ọtí. Ẹni tó bá mú sùúrù, tó ń fa igi jáde nígbà tó yẹ, òun ni ọtí rẹ̀ máa ń le. Màmá Àgbà kò ní òṣùwọ̀n kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kan páìpù. Èyí tó bá kọ́kọ́ já, wọn kì í tà á, wọ́n á gbé e sọ́tọ̀, òun ni wọ́n fi ń dá iná ọjọ́ kejì. Èyí tó bá já nígbẹ̀yìn tí kò lágbára mọ́, wọ́n á dà á padà sínú ẹmu tí wọ́n máa sè tẹ̀lé e. Àárín nìkan ni wọ́n ń tà. Èrè inú rẹ̀ ò sì tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ọtí inú ògùrọ̀ kíkan kì í ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà, àgbá lítà 200 tí ènìyàn fi odindi ọjọ́ dáná sí, bóyá ló fi máa kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan.

Ta ló ń rà á? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe àwọn ọ̀mùtí ni oníbàárà tó ń san owó jù. Àwọn aláàgbo ni. Egbò igi tí wọ́n bá fẹ́ rẹ, inú omi ni wọ́n ń rẹ òmíràn sí, inú omidùn ni ti òmíràn, àmọ́ àgbo jẹ̀dí àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé inú ògógóró ni. Ọtí ń fa ohun tí omi ò lè fà jáde lára egbò, kì í sì í jẹ́ kó bà jẹ́. Lẹ́yìn àwọn aláàgbo ni àwọn apẹja Ìlàjẹ tó ń ti Ìgbọ́kọ̀dá wọ omi lóru, àwọn olóòkú, àwọn ọdẹ, àti àwọn ìyá alápárágà tó ń gbé e lọ sí gáréèjì. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ní ìgò kékeré kan tó máa ń fi pa orúnkún. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà bó ṣe ń rìn. Tó bá ti kọjá sí ìhà Sàpẹ́lẹ̀, wọ́n á máa pè é ní kai-kai. Àwọn ará Gánà ń pe tiwọn ní akpeteshie. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sodabi ni.

Orí ìtàn ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń tan ara wa jẹ.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ ògógóró. Ẹmu ni wọ́n mọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n mọ̀, ọtí bàbà ni wọ́n mọ̀. Ẹmu ni Ògún ń mu, ẹmu náà ni wọ́n ní ó ti Ọbàtálá ṣubú lọ́jọ́ tó yẹ kó dá ayé. Inú ọkọ̀ òyìnbó ni ọtí líle ti dé etíkun wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Jámánì àti láti Schiedam ní ilẹ̀ Hólándì, nínú ìgò onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé tí wọ́n tò sínú àpótí onígi. Wọ́n fi ń ra epo àti èkùrọ́ lọ́wọ́ wa. Ìjọba amúnisìn ń gba owó ibodè lórí rẹ̀, owó yẹn sì jẹ́ apá tó tóbi nínú ohun tí wọ́n fi ń darí Gúúsù Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le nígbà tí àwọn oníwàásù bíi Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọtí ń ba ilẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 1909, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí òwò ọtí ní Gúúsù Nàìjíríà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, àwọn ìjọba alágbára jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain lọ́dún 1919. Àdéhùn yẹn fòfin de ọtí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Ó sì tún fòfin dè é pé a ò gbọdọ̀ sè é fúnra wa.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Wọ́n ta á fún wa títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n wá fowó lé èyí tó kù títí apá mẹ̀kúnnù ò fi ká a mọ́. Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní àwọn ọdún 1930, tí owó epo já wálẹ̀ káàkiri, àwọn ènìyàn wo ẹmu tó wà lórí igi wọn, wọ́n wo àgbá àti páìpù, wọ́n ní kí ló dé? Ìgbà yẹn ni ògógóró tàn kálẹ̀. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ ni ọtí tí kò bófin mu. Ọlọ́pàá ń wọ inú igbó àti odò lọ wá àgbá tí wọ́n máa fọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé náà, bákan náà ló rí. Ìdílé Sodabi tí ọtí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ orúkọ wọn, ọ̀kan nínú wọn tó lọ jagun fún Faransé ni wọ́n ní ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é bọ̀ láti ọ̀hún. Ó jà fún wọn tán, wọ́n tún fòfin de ohun tó rí kọ́.

Nítorí náà, tí àgbàlagbà kan bá jókòó síbi ìdána tó ń sọ pé sínáàpù, ọtí òyìnbó inú ìgò onígun mẹ́rin yẹn, ni àṣà, mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Sínáàpù ti wà lórí tábìlì wa kí ògógóró tó dé. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí a ṣe ń bu ọlá fún ọ̀kan tí a sì ń fi èkejì pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tó jẹ́ pé ọtí tó mọ́ ni àwọn méjèèjì. Púpọ̀ nínú sínáàpù tí a ń rà lónìí gan-an, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìgò àti orúkọ ni a ń kúnlẹ̀ fún.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bímọ, mo gbé ìgò ògógóró Màmá Àgbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sínáàpù níbi ìsọmọlórúkọ, láàárín obì, orógbó, oyin àti atare. Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀ wò ó.

"Ta ló gbé èyí wá?"

"Èmi ni, sà. Màmá Àgbà ló sè é."

"Mo mọ ẹni tó sè é. Mò ń béèrè ẹni tó gbé e síbí ni."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé sínáàpù, wọ́n ta á sílẹ̀, wọ́n ní ọtí kì í tí, pé ọmọ yìí kò ní tí láyé, gbogbo wa ṣe àmín. Mi ò bá wọn jiyàn, ọjọ́ ọmọ kì í ṣe ọjọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa palẹ̀ mọ́, sínáàpù ṣì kù ju ààbọ̀ lọ. Ìgò kejì ti gbẹ. Bàbá yẹn náà ló ní kí n má gbàgbé tòun tí mo bá tún ń bọ̀ láti abúlé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ọdún 2015. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá. Orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú wọn, ojú á ṣú, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, òmíràn ti lọ. Àwọn tó kú ju mẹ́wàá lọ dáadáa. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú torí pé wọ́n jalè nílé rẹ̀. Àwọn kan ní oògùn apakòkòrò ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ló tú àṣírí rẹ̀: mẹtanọ́ọ̀lù ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Láìpẹ́ sígbà náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lóṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fòfin de ògógóró.

Iṣẹ́ mi ni èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Mẹtanọ́ọ̀lù jọ ọtí. Ó mọ́ gaara bí ọtí, ó ń jó bí ọtí, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ débi tí ẹni tó ti mu díẹ̀ á fi mọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ń lò ó fún kíkùn, fún gọ́ọ̀mù, fún oríṣiríṣi nǹkan. Tí ó bá wọ ara ènìyàn, ara á sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń pa iṣan ojú kó tó pa ènìyàn fúnra rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n jẹ́ kó kan máa ń ní ín nínú, àmọ́ bíńtín ni, kò tó ohun tó ń pa odidi àdúgbò. Tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹnì kan ra mẹtanọ́ọ̀lù iléeṣẹ́, ó dà á pọ̀ mọ́ ọtí kó lè pọ̀ sí i kó sì lè le sí i. Ọtí gidi tiẹ̀ wà lára ohun tí dókítà ń lò láti fi tọ́jú ẹni tí mẹtanọ́ọ̀lù mú, torí pé bí ara bá ń bá ọtí ṣiṣẹ́, kò ní ráyè sọ mẹtanọ́ọ̀lù di májèlé. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn o. Ẹnikẹ́ni má ṣe é nílé.

Àwọn kan ṣì máa ń sọ pé kí o ṣáná sí i wò, tó bá jó, ó dára. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Mẹtanọ́ọ̀lù náà ń jó. Àwọn kan á mi ìgò, wọ́n á wo bí ìfófòó rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ìyẹn ń sọ bí ọtí ṣe le tó, kò sọ irú ọtí tó jẹ́.

Nígbà tí òfin yẹn jáde, mo fóònù Màmá Àgbà. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó bu májèlé sọ́bẹ̀ ni kí wọ́n mú. Ṣé gbogbo ẹni tó ń sebẹ̀ ni wọ́n máa kó ni?" Oṣù mélòó kan ni wọn ò fi dáná. Owó tó wọlé nígbà yẹn, gààrí tí wọ́n ń dín ni. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í ṣe ìjọba. Àwọn aláàgbo ni wọ́n wá bẹ̀ wọ́n nílé.

Láti ìgbà yẹn, wọn kì í ta kẹ́ẹ̀gì fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Àwọn oníbàárà wọn ń gbé kẹ́ẹ̀gì tiwọn wá, wọ́n á fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n á fi okùn so ọmọrí rẹ̀. Èyí tó bá ti kúrò nílé, wọn kì í gbà á padà, bó ti wù kó rí. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí ìjọba máa gba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n fún àwọn tó ń sè é ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n mọ orúkọ wọn àti abúlé wọn. Gánà jẹ́ kí akpeteshie bófin mu lẹ́yìn òmìnira, wọn ò tíì ṣubú. Fífi òfin de ohun tí gbogbo ayé ń mu, ọwọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ló ń ti òwò náà sí.

Ilé iṣẹ́ kan wà l'Ékòó báyìí tó ń jẹ́ Pedro's, ògógóró ni wọ́n ń rọ sínú ìgò tó rẹwà, tí wọ́n ń tà á fún àwọn olówó. Mo ra ọ̀kan, mo gbé e dé abúlé. Màmá Àgbà wọ jígí wọn, wọ́n yí ìgò náà lọ yí i bọ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ẹni tó sè é mọ iná. Èló ni?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá nu ojú, wọ́n bọ́ jígí, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìgò náà sínú ìwé, kí n kọ ọ́ gàdàgbà, pé àwọn fẹ́ mọ ẹni tó ń gbé ọtí wá fún wọn.